Àwọn Páálí Ọkọ̀ Ogun Bàbá Yín Tó Wà Lájà

Àjàní ọmọ mi,

Ẹ̀rù ń bà mí. N kò tíì kí ọ, n kò tíì béèrè àlàáfíà rẹ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, màá kí ọ títí n ó fi rí ọ̀nà yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún nìyí: nígbà tí o pè mí lóṣù tó kọjá, tí o bi mí pé ṣé gbogbo páálí ọkọ̀ ogun oníke bàbá yín ṣì wà bó ṣe wà, tí mo ní bẹ́ẹ̀ ni, n kò gun àjà lọ wò wọ́n. Orí ìjókòó ni mo ti dá ọ lóhùn. Ohun tí mo sọ yẹn lo gbé lọ bá Màdáámú tó ni ilé-ìwé tí o ti ń ṣiṣẹ́, tó fẹ́ kí o fi wọ́n kọ́ àwọn ọmọ. O kọ ọ́ sínú ìwé pé páálí mọ́kànlá ni, pé o ti yẹ̀ wọ́n wò fúnra rẹ, pé kò sí ohun tó ṣe wọ́n, o sì buwọ́ lù ú. Mo ti wá gun àjà báyìí. Nǹkan ti ṣe wọ́n.

Ó yá, báwo ni ara? Ṣé Abẹ́òkúta ti ń mọ́ ọ lára? Ṣé o ti rí ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún ọ, àbí búrẹ́dì náà lo ṣì ń jẹ? Ara tèmi le, àfi orúnkún. Fúnmi wá láti Ẹgbẹ́dá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun ló di àkàbà mú nígbà tí mo ń gòkè. Ó ń kùn nísàlẹ̀ pé bí mo bá já, òun kò ní mọ ohun tí òun máa sọ fún ọ. Òun náà ni yóò fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ tó ń ná Abẹ́òkúta. N kò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù. Kí n tó sọ ìdajì, wàá ti ní, “Mọ́mì, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu,” wàá sì pa á. Ó ti rẹ̀ mí láti máa bá fóònù tí wọ́n ti pa sọ̀rọ̀.

Àjàní, o mọ bí a ṣe ń to ọkọ̀ ogun oníke pọ̀, ọwọ́ rẹ dára ju ti bàbá yín lọ, àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n o kò mọ bí a ṣe ń mọ èyí tó dára nínú èyí tó ti pẹ́. Páálí kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ tẹ́lẹ̀ àfi bí èmi àti bàbá yín bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán. Ẹ̀bi wa ni. Nítorí náà, jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀, kí o lè máa fi ojú ara rẹ wò, kí o má tún buwọ́ lu ohun tó ti ẹnu ẹlòmíì jáde mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnu èmi tí mo bí ọ.

O kò tíì dáyé nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbi tí bàbá yín ti ń bá wọn tọ́jú irúgbìn ló ń lọ sílé, ó kó páálí mẹ́ta fún wọn. Mo wo inú rẹ̀, mo rí ike kéékèèké tó so mọ́ ẹ̀ka bí èso, táyà, ìbọn, ilẹ̀kùn, sójà tí kò ní ọwọ́. Mo ti lóyún Fúnmi nígbà náà. Mo ní ọkọ mi mà gbọ́n o, wọ́n ti ń wá ohun ìṣeré sílẹ̀ de ọmọ. Fúnmi dé, wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọ̀kan. Nígbà tí àwọn ìyá ìjọ wá kí mi, tí wọ́n rí ọkọ̀ ogun mẹ́ta tí bàbá yín tò sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní ó lè jẹ́ òun ni kò jẹ́ kí àdúrà mi gòkè. Bàbá yín ní àdúrà tí ọkọ̀ oníke bá lè dá dúró, kó kúkú jókòó sílé.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o mọ̀ ni ti àwòrán ojú páálí. Má gbà á gbọ́. Ọdún kejì tí a fẹ́ra, mo ra páálí kan fún bàbá yín lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ n'Ìbàdàn. Àwòrán rẹ̀ dára débi pé mo rí eruku tó ń sọ lẹ́yìn ọkọ̀, mo rí òógùn lójú sójà tó yọrí síta. Orí ẹsẹ̀ mi ni mo gbé e lé nínú bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn dé Lálúpọn, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹrù lé e. Bàbá yín ṣí i, wọ́n dúpẹ́, wọ́n tò ó, wọ́n kùn ún, wọ́n gbé e síwájú gbogbo èyí tó kù. Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó gbé e nílẹ̀ láti nu eruku, mo wá yí ìdí rẹ̀ sókè. Ihò ló kún ibẹ̀. Ihò bátìrì, ihò ibi tí wọ́n ti ń tàn án, ihò ibi tí mọ́tò kékeré kan ń jókòó sí kí ọkọ̀ náà lè máa sáré lórí ilẹ̀. Nítorí mọ́tò yẹn, wọ́n ti fẹ ìdí rẹ̀ ju ti ọkọ̀ gidi lọ, ó rí bí aláboyún tó súnmọ́ oṣù rẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún mi.

Wọ́n ní, “Ìwọ lo rà á, Ìyá Fúnmi.”

N kò ra òmíràn mọ́ láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ yí ìdí wò. Kí ìwọ náà máa yí ìdí wò. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sábà máa ń tẹ ọdún sí. Ọdún ara ike ni kí o gbà, má tẹ̀lé ti ara páálí, nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn máa ń da ike yíyọ́ sínú irin kan náà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, páálí nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Ṣùgbọ́n má torí pé ọdún rẹ̀ ti pẹ́ kí o jù ú nù. Mo ti rí èyí tó ti darúgbó tí gbogbo ara rẹ̀ bára mu bí ìkòkò àti ọmọrí, mo sì ti rí tuntun tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá bàbá yín jà.

Bí irin tí wọ́n fi ń dà á bá ti gbó, ike á máa yọ jáde létí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹyin. Díẹ̀ kò ṣe nǹkan, abẹ á fá a. Bó bá ti dí ihò táyà, tí o kò mọ ibi tí ẹyọ parí sí mọ́, padà lẹ́yìn rẹ̀. Fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí ike bá ti nípọn máa ń rì wọlé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó. Bó bá jẹ́ abẹ́ ọkọ̀ ló wà, gbàgbé rẹ̀. Bó bá jẹ́ orí ilé ìbọn, ilé kékeré tó ń yí lókè ọkọ̀, tí gbogbo èèyàn yóò máa wò, iṣẹ́ dé nìyẹn.

Ìkejì, kíka ẹyọ inú páálí. Èyí dùn mí láti kọ.

Ara Fúnmi gbóná lọ́sẹ̀ náà, n kò sùn dáadáa. Ọ̀rẹ́ bàbá yín kan níbi iṣẹ́ gbé páálí kan wá, ó ní bí kò bá pé, kí a dá a padà kí òun tó rìnrìn àjò. Bàbá yín ní kí n bá àwọn kà á. Mo ṣí i, ike kún inú rẹ̀ dé ẹnu, mo pa á dé. Mo ní ó pé. Ọ̀rẹ́ wọn lọ. Bàbá yín ti tò ó dé ìdajì kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn apá tó ń gbé táyà ọ̀tún dúró kò sí, odidi ẹ̀ka kan ni kò sí nínú páálí náà. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn gbójú sókè wò mí.

“Ìyá Fúnmi, o kà á ni, àbí o wò ó?”

Mo ní mo kà á. Irọ́ ni mo pa, wọ́n sì mọ̀. Wọ́n gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, wọ́n fi abẹ gbẹ́ ẹ di apá táyà, ọ̀sán Sátidé mẹ́rin ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ìgbàkígbà tí mo bá kọjá níwájú tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì yẹn ni mo máa ń rí. Irọ́ kan náà ni mo tún wá pa fún ọ lórí fóònù, Àjàní. Mo ti dàgbà tó báyìí, èmi náà ni mo tún ṣe é. Ó rẹ̀ mí.

Bí a ṣe ń kà á nìyí. Tẹ́ ìwé ìlànà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ojú rẹ bá ti rí i. Bí àyè kan bá ṣófo lára ẹ̀ka, gbọn páálí, gbọn ọ̀rá, ó lè ti já sí ìsàlẹ̀. Má fo okùn tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀, má fo ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ sọnù. Bí ìwé ìlànà kò bá sí nínú rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí. Má kọ ọ́ pé ó pé.

Ìkẹta ni ti ara tó wọ́. Ohun tí mo ṣe yìí, n kò tíì gbọ́ pé ẹlòmíì ṣe é láyé. Bàbá yín máa ń fẹ́ kí a fi omi ọṣẹ fọ àwọn ike náà kí wọ́n tó kùn ún, nítorí òróró ilé-iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú. Mo fọ̀ ọ́. Ọyẹ́ ń fẹ́, mo ti sá láfún sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé láti àárọ̀. Mo ní ohun tó ń gbẹ láfún á gbẹ ike. Mo tẹ́ ara ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láfún, mo lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ àgbàdo. Nígbà tí mo fi máa dé, láfún ti gbẹ, ara ọkọ̀ ogun sì ti ká sókè ní igun méjì bí ewé tó já lulẹ̀. Ewúrẹ́ Ìyá Ṣadé dúró tì í, ó ń wò ó. Mo sáré rì í sínú omi gbígbóná kí n lè tẹ̀ ẹ́ padà, ó tún gba ọ̀nà mìíràn wọ́. Bàbá yín dé, wọ́n gbé e lọ́wọ́, wọ́n wò ó síwá wò ó sẹ́yìn. Wọ́n ní gbogbo ogun tí irú ọkọ̀ yẹn lọ, kò sí ẹni tó rí i mú, àpáta Lálúpọn ló wá borí rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. N kò mọ̀ pé oòrùn yẹn ṣì máa bá mi délé.

Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara ọkọ̀ wọ́, gbé e lé orí gíláàsì fèrèsé, fi ìka kan tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń mì, ó ti wọ́. Lẹ́yìn náà, gbé òkè lé ìsàlẹ̀ láìlo gọ́ọ̀mù, fi okùn rọ́bà dì í. Bí èékánná rẹ bá wọ ààrin wọn, o ti mọ iye iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ. Ọ̀pá ìbọn tó tẹ̀ díẹ̀ ṣeé tún ṣe. Ìdí ọkọ̀ tó wọ́ kò ṣeé tún ṣe, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ó ṣeé ṣe, kó wá gbìyànjú rẹ̀ níwájú mi.

Ti sítíkà àmì ara ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń rì sómi kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, bó bá ti pọ́n, lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé kí oòrùn fà á funfun. Fi ẹyọ kan tí o kò nílò dán an wò nínú omi kí o tó ri gbogbo rẹ̀. Bó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, o ti mọ̀ pé ọwọ́ lo máa fi ya àmì náà.

N kò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Èyí tó kù ni mo ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ ogun tó ti pẹ́ sábà máa ń ní ṣéènì rọ́bà, èyí tó ń yí táyà ká. Rọ́bà yẹn ní òróró kan nínú. Bó bá fara kan ike fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń jẹ ẹ́, ooru sì máa ń mú kó yá. Bàbá yín mọ̀. Bí wọ́n bá ti gba páálí, ṣéènì ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ, wọ́n á fi bébà wé e, wọ́n á kọ nọ́ńbà páálí sí i, wọ́n á kó o sínú agolo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ń rí agolo yẹn lójoojúmọ́. N kò béèrè ìdí rẹ̀ rí.

Lẹ́yìn tí a sin bàbá yín, n kò lè máa wo àwọn páálí náà. Mo ní kí n kó wọn sájà. Kí n tó kó wọn, mo rántí agolo, mo rántí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, ohunkóhun kò ní dín. Mo tú gbogbo bébà yẹn, mo dá ṣéènì kọ̀ọ̀kan padà sínú páálí rẹ̀, mo gbé e lé orí àwọn táyà, mo sì tẹ̀ ẹ́ kó lè wọlé. Mo rò pé mo ń jẹ́ kó pé ni. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wà lábẹ́ páànù yẹn, Àjàní. Nígbà tí mo gun àjà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, n kò lè mí dáadáa, ooru ibẹ̀ tó ti ẹnu ààrò.

A tẹ́ wọn sórí ẹní. Nínú mọ́kànlá, ṣéènì ti jẹ táyà inú páálí márùn-ún. Ojú eyín rẹ̀ ti wọ ara táyà bí eyín ọmọ lára ọṣẹ, mo fà á, ó ń fà bíi gọ́ọ̀mù. Méjì, ìdí wọn ti wọ́, mo gbé wọn lé gíláàsì. Ọ̀kan kò ní ìlàjì orí ilé ìbọn, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi, bóyá eku ló gbé e. Mẹ́ta ló dára, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, Fúnmi kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan. Páálí ńlá tí bàbá yín kọ orúkọ rẹ sí lára, èyí tí o ti sọ fún Màdáámú pé yóò wà láàrin tábìlì lọ́jọ́ ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ilé-ìwé, wà nínú márùn-ún yẹn. Má bínú sí mi. Tàbí kí o bínú, ṣùgbọ́n ka ìyókù.

Mo mọ ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí ọ lọ́kàn. Wàá ní kí o gbà wọ́n bẹ́ẹ̀, kí o fi ọ̀dà ṣe ẹrẹ̀ bo àwọn táyà, pé ọkọ̀ ogun kúkú máa ń gun ẹrẹ̀, ta ni yóò mọ̀. Fúnmi náà sọ ọ́. Ó ní, “Mọ́mì, kí ni Màdáámú yẹn mọ̀ nípa táyà ọkọ̀ ogun? Oṣù tí wọ́n fi ń dán Àjàní wò níbi iṣẹ́ kò tíì pé. Ẹ fẹ́ kí wọ́n lé e kó padà wá jókòó sí pálọ̀ yìí, kí ẹ tún máa sunkún?”

Òótọ́ ló sọ. Ọdún méjì tí o fi jókòó sílé kí o tó rí iṣẹ́ yìí, èmi náà jókòó pẹ̀lú rẹ. N kò lè ṣèlérí fún ọ pé wọn kò ní lé ọ. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, màá tún ti máa dá ọ lóhùn láti orí ìjókòó nìyẹn.

Ṣùgbọ́n rò ó wò. Lórí tábìlì tìrẹ, bo ohun tó bá wù ọ́ mọ́lẹ̀. Tábìlì ilé-ìwé ni èyí, àwọn ọmọ ni yóò sì ṣí páálí kí ẹrẹ̀ kankan tó dé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni yóò gbé táyà sókè, yóò ní, “Ọ̀gá, èyí ti yọ́.” Màdáámú á mú ìwé tí o buwọ́ lù jáde. Ohun tí o máa sọ nígbà náà ni n kò lè ronú kàn. Bí o bá lọ bá wọn nísinsìnyí, kí o ní, “Mà, mo kọ ọ́ pé mo yẹ̀ ẹ́ wò, n kò yẹ̀ ẹ́ wò, mẹ́ta ló dára,” wọ́n lè bínú, wọ́n lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́ta yẹn tó kí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó bàjẹ́ pàápàá, o lè fi kọ́ wọn bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, bí wọ́n bá fún ọ láyè.

Mo ti kọ bébà lé páálí kọ̀ọ̀kan, ohun tó ṣe é àti ohun tí kò ṣe é. Lára márùn-ún tí ṣéènì jẹ, mo kọ ọ́ pé, “Èmi ìyá Àjàní ni mo bà á jẹ́. Kò mọ̀.” Ẹ̀bi tí mo lè bá ọ gbé kò ju ìyẹn lọ. Ti ọwọ́ tí o bù lu ìwé, n kò lè bá ọ gbé e.

Ọkọ̀ ilé-ìwé yín ń bọ̀ ní Sátidé láti wá kó wọn. Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí mi kó tó di ọjọ́ náà, fi rán awakọ̀ tó bá gbé èyí wá fún ọ. Má pè mí, kọ ọ́, kí n lè mú un lọ́wọ́. Gbólóhùn kan tó mi. Bí o bá ti sọ fún wọn, kọ ọ́ pé o ti sọ, n ó mọ ohun tí n ó gbé fún awakọ̀ ilé-ìwé. Bí o kò bá tíì lè sọ ọ́, kọ ìyẹn náà, n kò ní pariwo. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ ilé-ìwé bá dé kí lẹ́tà rẹ tó dé, n ó fún un ní omi tútù, n ó gbé àga fún un lábẹ́ igi, páálí kankan kò sì ní kúrò lórí ẹní. Yára kọ ọ́, ọmọ mi.

Èmi ìyá rẹ,
Ìyá Fúnmi